Ìbùsùn Tí Ẹkún Ọmọ Ń Ṣí

Nígbà tí ọmọ Ìbídùnní pé ọjọ́ mẹ́ta láyé, ọmú ìyá rẹ̀ ti le bí òkúta, ọmọ náà ò sì jí. Kì í ṣe pé ó ń ṣàìsàn. Ó ń sùn ni, nínú atẹ́mọsùn, ìbùsùn onírin tí gbogbo ìlú fi ń yangàn, ojú rẹ̀ tutù, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò jẹ́jẹ́. Àwọn tó wá kí ìyá ọmọ yọjú wò ó láti ara gíláàsì orí ìbùsùn náà, wọ́n ní ọmọ jẹ́jẹ́ nìyí, ọmọ tí kò ní yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ìbídùnní náà ti kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ sì ti dùn sí i.

Abẹ́-Igbá lorúkọ ìlú wọn. Orí Òṣùpá ló wà, níbi tí oòrùn ti í ràn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kó tó wọ̀. Igbá ńlá kan tó mọ́ gaara ni wọ́n dé bo ìlú náà kí afẹ́fẹ́ má bàa sá lọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Igbá náà ń dá afẹ́fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n kò lè dá gbogbo ìtànṣán oòrùn dúró. Àgbàlagbà lè fara dà á. Ọmọ tuntun ò lè fara dà á, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ bí síbẹ̀ sì fi ojú jìyà, wọ́n fi egungun jìyà. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ìlú fi ṣe atẹ́mọsùn.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé ẹ̀rọ yìí dáadáa, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé àpótí lásán ni. Irin tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀ òfuurufú ni ara rẹ̀. Inú rẹ̀ ń kùn, hùn-ùn, hùn-ùn, bí inú ìyá ṣe ń kùn sí ọmọ létí kí á tó bí i, kíkùn yẹn ló sì ń tẹ́ ọmọ sùn. Ìdérí rẹ̀ kì í ṣí fún ọwọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn ìyá ayé ijọ́un kì í yé gbé ọmọ jáde sínú ìtànṣán láti fi í han àlejò. Ẹkún ọmọ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá sunkún, ìdérí á ṣí, ìyá á gbé e, á fún un lọ́mú, á sì dá a padà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ ọmọ lórúkọ, kọ́kọ́rọ́ kejì á dé. Bí àkókò oúnjẹ bá ti tó, ẹ̀rọ náà á pe ọmọ lórúkọ, á kì í, ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ni á sì fi pè é, ohùn tí wọ́n ti gbà sínú ẹ̀rọ nígbà tí oyún ṣì wà nínú. Ọmọ á jí, ìdérí á ṣí.

Ìbídùnní ti gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ikùn rẹ̀ yọ gòǹgò, ẹ̀rín ń pa á bó ti ń sọ ọ́: "Ọmọ mi, jí o. Wá mu ọmú."

Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ọmọ náà sunkún dáadáa, ìdérí ṣí, ó sì mu omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki tó pọ́n díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ké, ó fà á díẹ̀, ó sì sùn lọ pẹ̀lú orí ọmú lẹ́nu. Láti ìgbà náà, kò ké mọ́. Omi ọmú ò mọ̀ pé ẹni tí òun ń bọ̀ wá bá ti sùn. Ó dé, ó sì dé tagbáratagbára. Awọ ọmú méjèèjì fà, ó ń dán, ó gbóná, ìrora náà gba abẹ́ apá jáde, Ìbídùnní ò sì lè fi apá rẹ̀ lélẹ̀ mọ́ra. Orí ọmú tó yọ dáadáa tẹ́lẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, ni ó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ilé. Adéyanjú ọkọ rẹ̀ wà ní ibi ìwakùsà ní ẹ̀yìn Òṣùpá, ọkọ̀ tí yóò gbé e bọ̀ kò tíì gbéra. Ìyá Àgbà jẹ́ ẹni tó ti wẹ ọmọ tuntun púpọ̀ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí atẹ́mọsùn ti dé, ọmọ kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbàgbé iṣẹ́. Òun ló ranṣẹ́ pe Ọ̀mọ̀wé Láníyọnu.

Láníyọnu ni olórí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà, ọkùnrin gíga kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo nǹkan kó tó sọ̀rọ̀. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó ní gbogbo rẹ̀ ń lọ bó ti yẹ. Ó wo ọmọ, ó ní oorun dára fún un. Ó wá gbé ẹ̀rọ ìfúnmú, tí wọ́n fi ń fa omi ọmú, jáde nínú àpò, ó ní kí Ìyá Àgbà bá òun gbé e lé ìyá ọmọ láyà.

Ẹ̀rọ náà fà. Ìbídùnní di etí ìbùsùn tirẹ̀ mú, ó ń kérora. Ìkán omi mélòó kan ló jáde, orí ọmú sì tún wú sí i.

Láníyọnu ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ebi fúnra rẹ̀ ni yóò jí ọmọ náà. "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá ọmọ," ó sọ. "Láti ọjọ́ tí a ti ń lo atẹ́mọsùn, kò sí ọmọ kan tó kú nínú rẹ̀. Ẹ wo ojú pátákó ìlú."

Òótọ́ ló sọ nípa pátákó. Ní gbàgede, lábẹ́ ibi tí igbá ti ga jù lọ, pátákó kan wà tó ń fi iye ará ìlú hàn, iye àwọn tó wà láàyè àti iye àwọn tó ti kú, kí wọ́n lè mọ bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe kárí. Níwájú "Òkú ọmọdé," òfo ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ ilé ìwé ń fi kọrin.

Àṣàkẹ́ wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ògiri kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwọn, òun ni ọ̀gá àwọn tó ń tún ọ̀pá omi ìlú ṣe, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ayùn tó fi ń gé ọ̀pá lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ yìí, kò tíì wá kí i. Ìbídùnní ti rò ó sí ìgbéraga.

"Ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò lọ́mú obìnrin yìí," ó sọ.

Láníyọnu fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Àṣàkẹ́ ti ń bu omi gbígbóná sínú abọ́. Ó ní kí Ọ̀mọ̀wé kọjú sí ògiri tàbí kó máa wo ẹ̀rọ rẹ̀, èyí tó bá wù ú. Ó ní kí Ìbídùnní dùbúlẹ̀ gbalaja, kó sinmi orí. Ó rẹ aṣọ sínú omi, ó fún un, ó dán an wò lára ọwọ́ ara rẹ̀ kó má bàa jó o, ó sì tẹ́ ẹ lé ọmú náà títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Lẹ́yìn náà ló wá fi orí ìka rẹ̀ yí orí ọmú ká, ní ibi tó dúdú, ó rọra tẹ̀ ẹ́ wọnú sọ́nà àyà, ó dúró bẹ́ẹ̀, ó yí ìka padà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò kánjú rárá. Nígbà tí ibẹ̀ dẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti abẹ́ apá wá sí iwájú, ó sì fún un.

Omi ọmú tú jáde. Lórí Òṣùpá, ohun tó bá fò kì í tètè balẹ̀. Ó lọ sókè nínú afẹ́fẹ́ bí òwú funfun, ó tẹ̀ kọrọdọ, ó ń bọ̀ wálẹ̀ jẹ́jẹ́, Ìyá Àgbà sì fi ife gbà á. Ìbídùnní bú sẹ́kún, ara tó fúyẹ́ ló ń pa á lẹ́kún.

"Má fún un tán o," Àṣàkẹ́ kìlọ̀. "Kó ṣáà ti dẹ̀ kí ọmọ lè rí nǹkan dì mú ni. Bí o bá fún un tán, ọmú á rò pé ìbejì lo bí, á tún gbé òmíì dé." Ó mú aṣọ mìíràn, ó rẹ ẹ́ sómi tútù, ó tẹ́ ẹ lé e kí wíwú náà lè lọ sílẹ̀.

Ìbídùnní bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ.

Àṣàkẹ́ ń nu ọwọ́. "Ọmú tèmi náà kún báyìí lọ́dún tó kọjá," ó sọ. "Kò sẹ́ni tó mu ún. Ọmọ ti lọ kí omi tó dé tán. Èmi nìkan ni mo jókòó tí mo ń fún un dà sínú àwo."

Ìbídùnní ò mọ̀. Kò tíì pé ọdún kan tó kó wá sí àdúgbò náà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un, nítorí ọmọ tó bá padà kí á tó sọ ọ́ lórúkọ, a kì í sunkún rẹ̀ sí gbangba, a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó béèrè ohun tó pa ọmọ náà. Àṣàkẹ́ ní kò sí ohun tó pa á. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó ń sùn ni.

Hùn-ùn, hùn-ùn, ni atẹ́mọsùn ń kùn ní igun ilé.

Ìbídùnní yíjú sí Láníyọnu, ó ní ṣebí òun ló sọ pé ọmọ kan ò kú rí.

Ọkùnrin náà ò gbójú sókè. Ó ṣàlàyé pé orúkọ ni pátákó ń kà, àti pé ẹni tí kò tíì lórúkọ, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ ìyá rẹ̀ ló ṣì ń mí. Bí èémí rẹ̀ bá tán, ìdérí á kàn ṣí sílẹ̀ ni, ẹ̀rọ ò ní sọ fún pátákó. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

Ìyá Àgbà ló wá sọ ohun tó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ń tú nǹkan kan. Ó ní nǹkan yìí yà òun lẹ́nu, torí àwọn ìbejì tí wọ́n bí ní òpópó kejì, ìbùsùn wọn kì í panu mọ́, Táyélolú jí, Kẹ́hìndé jí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ìgè tó fi ẹsẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Òjó tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá.

"Àwọn yẹn mú orúkọ tọ̀run wá ni," Láníyọnu sọ. "Ẹ̀rọ ti ní orúkọ wọn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ló ṣe ń pè wọ́n."

Gbogbo wọn ló gbọ́ ohun tó sọ. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ náà, ìgbìmọ̀ àgbà pàṣẹ pé ẹ̀rọ kankan ò gbọdọ̀ pe ọmọ tí kò mú orúkọ tọ̀run wá ní orúkọ kankan ṣáájú ọjọ́ kẹjọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbà, wọ́n tilẹ̀ yọ̀ pé àṣà ò ní bá àwọn jà. Wọ́n ní ọmọ á ṣáà fúnra rẹ̀ ké. Àwọn àgbà náà ní ọmọ á ṣáà fúnra rẹ̀ ké. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ọmọ tí ẹ̀rọ ń kùn sí létí tọ̀sán-tòru ṣì rántí ẹkún.

Ìbídùnní ní kí wọ́n fọ́ ìdérí náà. Láníyọnu ní iná nìkan ló lè gé irin yẹn àti gíláàsì rẹ̀, iná náà yóò sì ti dé ara ọmọ kí irin tó gé. Ó ní kò sí bí òun ṣe lè fi orúkọ sí i. Ohùn ẹnìkan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ń gba orúkọ lẹ́nu rẹ̀, ohùn Baba Ẹ̀gbẹ́yẹmí, olórí ìgbìmọ̀ àgbà.

Wọ́n lọ pe Baba. Kí ó tó dé, Ìbídùnní fojú lé gíláàsì. Ètè ọmọ náà ti gbẹ. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè, á dúró díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Baba Ẹ̀gbẹ́yẹmí fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà látòkèdélẹ̀. Kì í ṣe òǹrorò. Òun ló sọ ìdajì ìlú lórúkọ, ó sì rántí gbogbo wọn.

"Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ," ó sọ. "Ọjọ́ kẹjọ ni. Kó tó dìgbà náà, àlejò ni. Àlejò tó bá fẹ́ padà, a kì í fi orúkọ so ó mọ́lẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ lónìí tó sì lọ lọ́la, ẹkún rẹ̀ ò ní tán lọ́rùn ìyá rẹ̀, òkú rẹ̀ á sì wọ pátákó ìlú."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, Baba," Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Ọjà náà lẹ wà yìí. Orí náà nìyẹn."

Láníyọnu gbìyànjú láti sọ pé ìgbìmọ̀ ló kọ̀ nígbà náà, Baba dáhùn pé àwọn tó ní ìmọ̀ ló yẹ kó ti sọ ibi tó máa já sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹ̀bi síra wọn, bí ẹni méjì tó ń ti ilẹ̀kùn kan láti tinú tẹ̀yìn. Àṣàkẹ́ bọ́ sí àárín wọn.

"Baba, àwọn mélòó ló ti padà?" ó béèrè.

Baba rìn lọ síbi ìbùsùn náà.

Ìbídùnní ti kúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí irin. Omi ọmú ti rin aṣọ rẹ̀ níwájú. "Ẹ sọ ọ́ lórúkọ, ẹ jọ̀ọ́," ó sọ. "Bó bá máa kú, kó kú lẹ́ni tí mo lè sunkún rẹ̀."

Baba wò ó, ó wo gíláàsì, ó sì béèrè orúkọ tí Ìbídùnní àti ọkọ rẹ̀ ti pinnu. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ irin. "Adéjùmọ̀bí," ó sọ. "Àlàó."

Kíkùn náà dáwọ́ dúró. Ohùn Ìbídùnní jáde látinú ìbùsùn, ohùn obìnrin tí ikùn rẹ̀ yọ gòǹgò tí ẹ̀rín ń pa: "Adéjùmọ̀bí, Àlàó, ọmọ mi, jí o. Wá mu ọmú." Ọmọ náà ò mira. Ohùn náà tún pè é. Ó tún pè é. Iwájú orí kékeré náà kákò, ẹnu rẹ̀ ń wá nǹkan nínú afẹ́fẹ́, ẹkún kan tó tín-ín-rín bí ohùn ẹyẹ bọ́ sílẹ̀. Ìdérí ṣí.

Wọn ò tíì bọ́. Ọmọ tí ebi ti pa dé ibẹ̀ yẹn ń sùn lọ pẹ̀lú ọmú níwájú rẹ̀. Àṣàkẹ́ ní kí wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ àyà ní ìhòòhò, wọ́n sì na ìborùn bò wọ́n. Ìyá Àgbà fi ìka ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ra ẹ̀yìn rẹ̀ lókè lódò, iṣẹ́ àtijọ́ sì padà sí i lọ́wọ́. Wọ́n fi ṣíbí kán omi ọmú inú ife sí i létè. Ó lá a. Ó yanu, ọmú tó ti dẹ̀ wọlé dáadáa, ó sì mú un. Bó bá ti fẹ́ sùn, Ìbídùnní á tẹ ọmú náà díẹ̀ kí omi lè ṣàn sí i lẹ́nu, á gbé e mì, á tún fà. Etí rẹ̀ kékeré ń mira bó ti ń gbé e mì. Ó dun Ìbídùnní, ó sì dùn mọ́ ọn, ó ń mọ̀ ọ́n lára bí òkúta náà ṣe ń yọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, tí oòrùn ti wọ̀, ìlú pé sí gbàgede. Ọmọ náà sanra díẹ̀, ó ti ń jà kó tó sùn. Wọ́n gbé gbohùngbohùn ìlú fún Baba Ẹ̀gbẹ́yẹmí bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí ohùn rẹ̀ lè dé gbogbo ilé, ó sì tún sọ ọmọ lórúkọ níṣojú gbogbo ènìyàn. Wọ́n tọ́ ọ lóyin wò. Inú gbogbo ènìyàn dùn.

Àṣàkẹ́ wá dìde, ó lọ bá Baba níbi tó dúró sí. Ó ní òun náà ní ọmọ kan tí wọn ò tíì sọ lórúkọ. Ó sọ orúkọ náà sí i létí.

Baba lè kọ̀. Gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìlú ń wò ó. "Fadérera," ó wá sọ. "Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ Àṣàkẹ́. Ó wá, ó sì ti lọ."

Lójú pátákó, òfo tí àwọn ọmọdé ń fi kọrin di ọ̀kan.

Obìnrin mìíràn dìde. Òmíràn dìde lẹ́yìn rẹ̀, àti ìyá arúgbó kan tó gba ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú tó fà á síwájú. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n ń sọ orúkọ sí Baba létí, Baba ń sọ ọ́ fún ìlú pẹ̀lú orúkọ ìyá ọmọ, ohùn rẹ̀ ò sì yí padà.

Láníyọnu ló kọ́kọ́ rí ohun tó ń bọ̀. Ó sáré síwájú, ó na ọwọ́ sí gbohùngbohùn, ṣùgbọ́n ohùn Baba ti dé gbogbo ilé ná, ó ti wọ inú yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí, níbi tí àwọn ìyá wọ̀nyí ti tọ́jú atẹ́mọsùn wọn de ọmọ tí yóò tún wá. Ẹ̀rọ náà ò ní ojú. Ó gbọ́ orúkọ ọmọ àti ti ìyá rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ní àṣẹ, nígbà tí àkókò oúnjẹ sì tó, ó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Láti ilé Àṣàkẹ́ ni ohùn àkọ́kọ́ ti jáde, ohùn Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀, ó dẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ọ rí lọ: "Fadérera, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, jí o. Wá mu ọmú." Ohùn mìíràn tẹ̀ lé e láti òpópó kejì. Òmíràn jáde lẹ́yìn ibi ọ̀pá omi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba abẹ́ igbá kan, ohùn àwọn obìnrin tí oyún wà nínú wọn nígbà náà, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ wọn kí wọ́n wá jẹun. Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, ó sì jáwọ́.

Adéjùmọ̀bí sùn fọnfọn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti yó. Ìbídùnní kàn rí i pé iwájú aṣọ rẹ̀ ti tutù ni. Ọmú rẹ̀ méjèèjì ti gbọ́ ìpè náà, omi sì ń dà.